Ọjọ́ tí a bá fẹ́ kúrò la ó mọ iye tí ẹ̀rọ wa ń ná wa

Ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù máa ń béèrè bí kámẹ́rà rẹ̀ ṣe dára tó, bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó, àti iye tí wọ́n ń tà á. Kì í béèrè bí òun yóò ṣe kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Nígbà tó bá yá, á ra aago ọwọ́ tó bá fóònù náà rìn, aago tí kò ní bá fóònù ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣiṣẹ́. Á ra íápíìsì. Àwòrán àti fídíò rẹ̀ á máa wọ ibi ìpamọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan náà ń gbowó rẹ̀ lóṣooṣù. Á sanwó fún áàpù kan, á tún sanwó fún òmíràn. Lọ́dún kẹrin tàbí ìkarùn-ún, fóònù náà lè ti sú u pátápátá, ṣùgbọ́n bó bá jókòó ṣírò ohun tó máa pàdánù, á rí i pé owó fóònù tuntun ló kéré jù níbẹ̀. Á sì tún padà lọ ra ti ilé-iṣẹ́ àná.

Bí ìgèrè apẹja ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn: ẹnu rẹ̀ gbà ẹja tó ń wọlé láyè, ṣùgbọ́n igi inú rẹ̀ kọjú sí èyí tó bá fẹ́ yí padà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń hun apá tó pọ̀ jù nínú ìgèrè náà, nípasẹ̀ ohun tó ń kó síbẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí ni mo rò pé àríyànjiyàn tó ń lọ lórí bí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń há oníbàárà mọ́ kì í sábà tẹnu mọ́. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ bí ẹni pé inú ẹ̀rọ ni kọ́kọ́rọ́ wà, nígbà tó jẹ́ pé ẹrù wa ló há wa mọ́bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti wá kúrò ní àròyé lásán, ó ti di ẹjọ́. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Digital Markets Act ti ń de àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kà sí aṣọ́nà ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ni Alphabet tó ni Google, Amazon, Apple, ByteDance tó ni TikTok, Meta àti Microsoft. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 500 Yúrò lé Apple lórí pé kò jẹ́ kí àwọn tó ń ta áàpù sọ fún oníbàárà pé ó dínwó níbòmíràn. Apple ti pe ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ pẹ̀lú àwọn ìpínlẹ̀ kan gbé Apple lọ sí kóòtù ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2024. Ẹ̀sùn wọn ni pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó le fún ènìyàn láti kúrò lórí iPhone.

Ìhámọ́ tó hàn sí ojú

Irú ìhámọ́ tó rọrùn jù láti rí ni ti okùn ṣájà. Láti ọdún 2012 títí di 2023, okùn tí iPhone ń lò, Lightning, ti Apple nìkan ni. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ Apple gbọ́dọ̀ gba ìwé-àṣẹ. Nígbà tí Yúróòpù ní kí gbogbo fóònù máa lo irú ojú okùn kan náà, ìyẹn USB-C, Apple ní òfin bẹ́ẹ̀ máa dí ọgbọ́n àtinúdá lọ́wọ́. Òfin náà jáde ní ọdún 2022. iPhone 15 tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ti ní ojú USB-C kí ọjọ́ tí òfin náà dá, 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, tó pé. Ọgbọ́n àtinúdá kò kú. Kò sì pẹ́ tí ẹnikẹ́ni fi gbàgbé pé àríyànjiyàn kankan wáyé lórí rẹ̀.

Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé burú ju ìyẹn lọ, torí pé inú ẹ̀rọ tí ènìyàn ti sanwó rẹ̀ tán ni wọ́n ti ń yí àdéhùn padà. Wọ́n máa ń fi ṣípù kékeré sára ike tàdáwà, ẹ̀rọ á sì máa yẹ ṣípù náà wò kó tó gbà láti tẹ ohunkóhun. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tàdáwà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tàdáwà tí ẹ̀rọ kan náà ti ń lò láìsí wàhálà. Ariwo pọ̀, HP tọrọ àforíjì lórí bó ṣe ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbé sọ́fútíwia jáde fún ẹni tó bá fẹ́ yọ ìdènà yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú àṣà náà.

Ẹnì kan lè ní: ṣebí èmi ni mo ni ẹ̀rọ, kí ló dé tí n kò lè já àgádágodo náà dànù? Ní Amẹ́ríkà, òfin ló fa ìyẹn. Òfin Digital Millennium Copyright Act ti ọdún 1998, ní abala 1201 rẹ̀, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti já àgádágodo tí wọ́n fi dáàbò bo iṣẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ àdàkọ, sọ́fútíwia inú ẹ̀rọ sì wà lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ilé ìkàwé ìjọba ibẹ̀, Library of Congress, máa ń jókòó sọ ohun tí òfin náà kò gbọdọ̀ mú. Ohun ìyanu ni lójú mi pé ilé ìkàwé ló ń pinnu bóyá àgbẹ̀ lè tún katakata rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ti gba àgbẹ̀ láyè láti ọdún 2015, síbẹ̀ irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo àìsàn katakata kò kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àti àwọn aṣojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Federal Trade Commission, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìdíje ọjà níbẹ̀, fi gbé John Deere tó ń ṣe katakata lọ sí kóòtù ní oṣù Kìíní ọdún 2025.

Ohun tí a rà tí kò di tiwa

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jinlẹ̀ ni ìgbà tí ohun tí a rà kì í bá ṣe ohun tí ọwọ́ lè gbá mú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Microsoft ti ìsọ̀ ìwé orí ẹ̀rọ rẹ̀ pa. Ó dá owó padà fún àwọn tó ra ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Keje, àwọn ìwé náà kò ṣeé ṣí mọ́, títí kan èyí tí ẹni tó rà á kò tíì kà dé ìdajì. Amazon ṣe tiẹ̀ lọ́nà mìíràn. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2025, ó yọ ọ̀nà tí ènìyàn fi lè gba ìwé Kindle tó ti rà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó fi okùn gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ìkàwé. Ìwé náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ṣòro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti mú un kúrò lábẹ́ òrùlé Amazon. Ohun tí a sanwó fún nínú irú ọjà báyìí ni ìyọ̀ǹda láti kà, ẹni tó fún ni sì lè tún un kọ.

Ẹ̀rọ inú ilé tó ń gbọ́kàn lé sáfà ilé-iṣẹ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀ tó wà níbòmíràn, náà ní tiẹ̀. Revolv jẹ́ àpótí kékeré tí wọ́n fi ń darí iná àti ilẹ̀kùn inú ilé. Nest, tó wà lábẹ́ Google, ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2014, ó sì pa sáfà rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016. Lọ́jọ́ náà ni àpótí tí kò bàjẹ́, tí kò gbó, di ohun tí kò wúlò fún nǹkan kan.

Síbẹ̀, orin tí wọ́n ń tà lórí iTunes fi hàn pé ọ̀rọ̀ lè yí padà. Láti ọdún 2009 ni Apple ti yọ àgádágodo kúrò lára orin tó ń tà, ọjà orin kò sì tìtorí ẹ̀ dàrú.

Àwọn ènìyàn ni ìdè tó le jù

Nínú gbogbo ohun tó ń há ènìyàn mọ́, kò sí èyí tó lágbára tó ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ènìyàn lè da àwòrán kọ, ó lè tún áàpù rà, ṣùgbọ́n kò lè kó gbogbo ẹni tó mọ̀ lọ sí ibòmíràn lọ́jọ́ kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ mọ èyí jù wá lọ. Nígbà tí Epic Games, tó ṣe géèmù Fortnite, gbé Apple lọ sí kóòtù ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, àwọn ìwé inú ilé Apple di ohun tí gbogbo ayé rí. Eddy Cue, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀, ti fẹ́ kí wọ́n gbé iMessage, áàpù àtẹ̀jíṣẹ́ Apple, lọ sórí Android ní ọdún 2013. Craig Federighi, ọ̀gá mìíràn níbẹ̀, dá a lóhùn pé ohun tí ìyẹn kàn máa ṣe ni pé yóò mú ìdènà kúrò lójú ọ̀nà àwọn ìdílé tó ń lo iPhone tó bá fẹ́ ra fóònù Android fún ọmọ wọn. Phil Schiller, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, kọ ọ́ ní ọdún 2016 pé gbígbé e lọ síbẹ̀ yóò pa wọ́n lára ju bó ṣe máa ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ.

Mo rò pé gbólóhùn Federighi yẹn ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo ìwé tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti kọ lórí rẹ̀ lọ. Kò sọ pé iMessage dára ju ti àwọn yòókù lọ. Ọmọ tó ń wá fóònù àkọ́kọ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, àti òbí tó lè fẹ́ ra èyí tó dínwó fún un.

Ohun tó tẹ̀ lé e bá èrò yẹn mu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, áàpù kan tó ń jẹ́ Beeper Mini rí ọgbọ́n tí ẹni tó ń lo Android fi lè bá àwọn oníPhone sọ̀rọ̀ lórí iMessage. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni Apple ti dí ojú ọ̀nà yẹn, ó ní nítorí ààbò ni. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Apple fúnra rẹ̀ gba RCS láyè, ìyẹn ìlànà àtẹ̀jíṣẹ́ tí fóònù gbogbo ilé-iṣẹ́ lè lò. Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Android kì í dé bí ohun tí eruku bò mọ́. Àwọ̀ ewé tí iPhone ń fi sí àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti ọ̀dọ̀ oníAndroid wá, tó ń fi hàn pé ẹni yìí kì í ṣe ara wa, ṣì wà níbẹ̀.

Ti ilé-iṣẹ́ àti ìjọba

Bí ẹnì kan ṣoṣo bá há, ara rẹ̀ nìkan ló ń ni. Tí báǹkì tàbí ilé-ìwòsàn bá há, ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ti VMware. Sọ́fútíwia rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé fi ń pín sáfà kan sí púpọ̀, wọ́n sì ti kọ́ gbogbo iṣẹ́ wọn lé e lórí fún ọdún púpọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Broadcom ra VMware. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló ní òun kò ta ìwé-àṣẹ tí ènìyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan tó sì ń lò títí ayé mọ́. Owó àsansílẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ máa san, àwọn ọjà tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀ sì di ẹrù kan tí wọ́n dì pọ̀. AT&T, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá ní Amẹ́ríkà, lọ sí kóòtù ní ọdún 2024, ó ní iye tí Broadcom ń béèrè lọ́wọ́ òun ti lé ní ìdá 1,050 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n parí ẹjọ́ náà láàárín ara wọn kí ọdún náà tó parí. AT&T lágbára láti pẹjọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí ilé-iṣẹ́ alábọ́ọ́dé kò lágbára yẹn, ó sì máa gbà á ní ọdún kan tàbí méjì kó tó lè kó kúrò, nítorí náà ó ń san owó náà.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tó tan àwọn oníbàárà VMware jẹ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ọjà tó dára ni, àdéhùn rẹ̀ sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹni tí wọ́n bá ṣe àdéhùn ló ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èyí ni ewu tí a kì í sábà rò: pé ìwà rere ẹni tó há wa mọ́ lónìí kò de ẹni tó máa rà á lọ́la.

Lórí cloud, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti ń háyà kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ìjáde ni wọ́n ń lò. Kíkó ìsọfúnni wọlé, ọ̀fẹ́ ni. Kíkó o jáde, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ owó ni. Bí òfin Yúróòpù ṣe ń sún mọ́lé, Google ní oṣù Kìíní ọdún 2024, lẹ́yìn náà Amazon àti Microsoft ní oṣù Kẹta, kéde pé ẹni tó bá ń kó kúrò pátápátá kò ní san owó yẹn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lo méjì pa pọ̀, tó ń gbé ìsọfúnni láti ibí lọ sọ́hùn-ún, kò sí nínú ìdáríjì yẹn.

Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń sọ, àti ohun tí ìtàn sọ

Àwíjàre wọn kì í ṣe irọ́ lásán o. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣe fóònù, sọ́fútíwia rẹ̀ àti ìsọ̀ áàpù rẹ̀, ohun gbogbo máa ń bára mu dáadáa, ó sì máa ń ṣòro fún oníjìbìtì láti rí àyè wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ yan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ torí wọn kò fẹ́ wàhálà, wọn kò sì ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n ààbò tí wọ́n kọ́ nítorí olè tó ń bọ̀ kò ṣàlàyé ìdí tí onílé fúnra rẹ̀ kò fi lè jáde pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nínú gbólóhùn Federighi àti ti Schiller tí mo mẹ́nu bà, kò sí ọ̀rọ̀ ààbò níbẹ̀.

Àwíjàre náà kò sì jẹ́ tuntun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni AT&T fi ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ so ohun tí òun kò ṣe mọ́ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, torí pé ó lè ba ètò náà jẹ́. Ó bá ilé-iṣẹ́ Hush-A-Phone ṣẹjọ́ lórí ohun kékeré kan bí ife tí wọ́n ń fi bo ẹnu tẹlifóònù kí ẹlòmíràn má bàa gbọ́ ohun tí ènìyàn ń sọ. Kò sí wáyà nínú rẹ̀, kò sí iná. Kóòtù dá Hush-A-Phone láre ní ọdún 1956. Ní ọdún 1968, àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, FCC, gba Carterfone láyè, ẹ̀rọ tí Thomas Carter ará Texas ṣe láti so rédíò alágbèéká mọ́ tẹlifóònù. Ìdájọ́ yẹn ló ṣí ọ̀nà fún ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, fáàsì, àti módẹ́mù tí àwọn ènìyàn fi kọ́kọ́ wọ íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé wọn. Ètò tẹlifóònù kò bàjẹ́. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2003, òfin ní kí ẹni tó ń lo fóònù alágbèéká níbẹ̀ lè mú nọ́ńbà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù kò sì tìtorí ìyẹn kógbá sílé.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ kò sọ ìrìn-àjò di ọ̀fẹ́. Ìlú Munich ní Jámánì pinnu ní ọdún 2003 láti kúrò lórí Windows ti Microsoft bọ́ sórí Linux, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ṣe é fún kọ̀ǹpútà tó tó 15,000. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò pé kí wọ́n padà sí Windows. Òṣèlú wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àròyé àwọn òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀, pàápàá lórí fáìlì tí àwọn ẹlòmíràn fi ń ránṣẹ́ sí wọn tí kì í ṣí bó ṣe yẹ. Gbogbo ayé tó yí wọn ká ṣì wà nínú ohun tí wọ́n ti jáde kúrò. Ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein, ní Jámánì kan náà, tún ti bọ́ sójú ọ̀nà yẹn. Ní ọdún 2024 ló kéde pé kọ̀ǹpútà 30,000 yóò bọ́ sórí LibreOffice, sọ́fútíwia ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ìwé, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ó ti kó ìméèlì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Microsoft. Wọn kò kó ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì ló ṣíwájú, ìméèlì tẹ̀ lé e, Windows fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ lẹ́yìn, mo sì gbà pé ètò yẹn bọ́gbọ́n mu ju ti Munich lọ.

Fún ẹni tó ń ka èyí tí kì í ṣe ìjọba, ohun kan wà tó ṣeé dán wò. Láti ọdún 2018 ni GDPR, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ènìyàn ní Yúróòpù, ti fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìsọfúnni rẹ̀ kó sì gbé e lọ síbòmíràn, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló sì ti jẹ́ kí ẹni tó wà níbikíbi lè ṣe é. Google ti ní Takeout, ọ̀nà tí ènìyàn fi lè kó ìsọfúnni rẹ̀ jáde, láti ọdún 2011. Ẹ gba ti yín, kí ẹ sì gbìyànjú láti ṣí i nínú áàpù mìíràn. Àwòrán máa ṣí. Ìméèlì àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn máa ṣí, torí ìlànà wọn ti wà ní gbangba tipẹ́. Ìtàn ohun tí ẹ ti wò, àkójọ orin yín, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ènìyàn sọ nínú áàpù kan, ìwọ̀nyẹn lè jáde bí òkìtì fáìlì tí kò sí áàpù tó mọ ohun tó máa fi ṣe. Apá tí kò bá ṣí yẹn ni ìwọ̀n ìhámọ́ yín, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó tún kó òmíràn lé e.

Òfin Data Act ti Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ló súnmọ́ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn ilé-iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ jù. Ó de àwọn tó ń ta cloud láti jẹ́ kí oníbàárà kó kúrò, kí wọ́n má sì ní kó fún wọn ní ìkìlọ̀ tó ju oṣù méjì lọ. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2027, wọn kò gbọdọ̀ gba owó kankan lórí kíkó kúrò mọ́. Owó tí oníbàárà máa ná láti tún ètò tirẹ̀ kọ kó lè bá ibi tuntun mu, àti láti tún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ́, ọrùn oníbàárà náà ló ṣì wà.